Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Ìwé Káàdì Tó Ń Ṣọ́ Ọmọ Yín

Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin mi mú káàdì ìdánimọ̀ tuntun bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n á máa fi kan ẹ̀rọ ní ẹnu géètì láti mọ ọmọ tó wá, ìwé pélébé kan tẹ̀ lé e: kí òbí fọwọ́ sí i, kí ó dá a padà lọ́la. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe. Kí n tó wá bírò, tọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé káàdì lé orí tọ́ọ̀ṣì fóònù kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Bí ẹ̀rọ bá wà nínú rẹ̀, ẹ lè rí wáyà tín-ín-rín tó yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí káàdì, bí okùn tí wọ́n ká, àti nǹkan dúdú kan tí kò tóbi ju orí ìṣó lọ. Nǹkan dúdú yẹn ló gbé nọ́ńbà ọmọ yín dání. Kò ní bátìrì. Ẹ̀rọ ẹnu géètì ló ń fún un lágbára nígbà tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ tún fi ẹ̀yìn fóònù tó ní NFC kàn án, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fóònù lè ka irú káàdì yìí. Bí orúkọ ọmọ bá yọ lójú fóònù yín, á jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ kúrò, kí wọ́n fi nọ́ńbà nìkan síbẹ̀.

Ẹ wá béèrè bí káàdì náà ṣe lè jìnnà sí ẹ̀rọ tó, tí ẹ̀rọ á ṣì máa kà á. Ìbéèrè yìí ni mo kà sí jù. Irú èyí tí mo rí lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré ni: ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa fi kan ẹ̀rọ, ó sì mọ̀ pé òun ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní UHF, ìyẹn irú tí ìgbì rédíò rẹ̀ ń lọ jìnnà, ẹ̀rọ lè kà á nínú báàgì láti nǹkan bíi mítà 5 sí 10. Èyí tó ní bátìrì tún ń fi àmì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìdákẹ́. Àwọn méjì yìí lè sọ iye ìgbà tí ọmọ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Èmi ò lè fọwọ́ sí ìyẹn láéláé.

Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ, ẹ má sì gba “ààbò ni” ní ìdáhùn lásán. Ní 2012, ní San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n fún nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 4,200 ní ilé ẹ̀kọ́ méjì ní irú káàdì bẹ́ẹ̀. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: iye ọmọ tó bá wá sí kíláàsì ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń ṣírò owó tí ilé ẹ̀kọ́ máa gbà. Nígbà tó di 2013, wọ́n pa á tì.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó ká mi lára: káàdì kì í ṣe ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹsidé kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi pé ọmọ mi ti dé ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ibà ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rí káàdì láàárín ìwé tó yá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a fi kan ẹ̀rọ, ó rò pé òun ń ṣe é lóore. Ká ní ọmọ mi ti sọnù lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹ rí i dájú pé olùkọ́ ṣì ń fi ẹnu pe orúkọ láràárọ̀.

Tó bá jẹ́ àwòrán ojú tàbí ìtẹ̀ka ni wọ́n fẹ́ gbà dípò káàdì, ẹ dúró dáadáa. Káàdì tó sọnù ṣe é pààrọ̀. Ojú ọmọ kò ṣe é pààrọ̀. Ní Skellefteå ní Sweden, ilé ẹ̀kọ́ kan fi kámẹ́rà ka ojú akẹ́kọ̀ọ́ 22 láti mọ ẹni tó wá. Wọ́n ti gba àṣẹ kí wọ́n tó ṣe é, síbẹ̀ àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ní Sweden bu owó ìtanràn 200,000 krona lé àwọn tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà ní 2019. Àjọ náà ní abẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ wà, àṣẹ tó bá fún wọn kò lè jẹ́ àtinúwá.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Tèmi rèé: “Kí ni ẹ̀rọ yìí ń kọ sílẹ̀? Ta ló ń rí i? Ọjọ́ wo lẹ máa pa á rẹ́? Bí ọmọ mi ò bá lò ó, ọ̀nà wo ló kù fún un?” Ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ dáhùn pé kò séwu. Mo tún kọ. Wọ́n ní àwọn á pa á rẹ́ nígbà tí kò bá wúlò mọ́. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta pé ọjọ́ ni mo béèrè. Ìgbà náà ni wọ́n tó kọ ọ́: òpin ọdún ẹ̀kọ́. Mo kọ gbólóhùn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo fọwọ́ sí.

Kí ẹ tó dá ìwé padà, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tèmi béèrè bóyá káàdì náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń sọ. Mo tún pa iná, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, ó sì fi ìka tọ wáyà náà yí ká títí ó fi dé ibi dúdú yẹn.