Bí ẹ ṣe lè mọ iye tí fóònù fi ń ṣì lóru ọyẹ́ ní Ìkòròdú

Bí fóònù bá sọ pé òru òní kò ní tutù ju 23 dígírì lọ, tí òròmọdìyẹ sì ń gun ara wọn lórí ní igun kan lójú ìdájí, fóònù ò parọ́. Oko yín gan-an ni kò mọ̀.

Nọ́ńbà inú áàpù ojú ọjọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀n ní Ìkòròdú. Kọ̀ǹpútà ńlá ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ló ṣírò rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ ayé sí igun-igun bí ojú àwọ̀n: ti Yúróòpù fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9, ti Amẹ́ríkà tó 13, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì ń kan igun kọ̀ọ̀kan. Lápá Ìjẹ̀dẹ́, ọ̀sà lè gba ìdajì igun náà, omi ọ̀sà kì í sì í tètè tutù lóru. Kọ̀ǹpútà á wá da ooru omi pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀. Ẹni tó wà nínú kòtò lápá Ìmọ̀tà, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ń rọ́ wọ̀ lóru, kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ ra tẹmómítà tó ń pa ooru tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù mọ́. Èyí tó ní wáyà tó ṣeé ki bọ omi ló dáa jù. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ sínú kọ́ọ̀bù, ẹ da omi díẹ̀ sí i, ẹ ki orí wáyà bọ àárín rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. 0 ló yẹ kó kà. Bó bá ka 1, ẹ máa yọ 1 kúrò nínú gbogbo ohun tó bá kà.

Ibi tí ẹ fi í kọ́ ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ògiri ń tú ooru ọ̀sán jáde lóru, páànù sì ń tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ẹ má so ó mọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ ri òpó sí ìta gbangba, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ mú abọ́ ike funfun pẹlẹbẹ mẹ́fà, ẹ dà wọ́n dé, ẹ tò wọ́n léra pẹ̀lú àlàfo ìka méjì láàárín, ẹ lu ihò sí àárín gbogbo wọn àfi ti òkè pátápátá, kí ẹ wá fi orí wáyà sínú ihò náà. Kí ó ga tó mítà kan àbọ̀ sílẹ̀, bí èjìká àgbàlagbà.

Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ kọ ooru tó kéré jù tí áàpù sọ fún òru náà sínú ìwé. Kíkọ ọ́ ṣe pàtàkì, torí áàpù máa ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, ẹ ò sì ní rí ti àná mọ́. Ìdájí ni òtútù máa ń mú jù, nítorí náà abẹ́ ọjọ́ ọ̀la ni ẹ ó ti rí i. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ka èyí tó kéré jù tí tẹmómítà pa mọ́, ẹ kọ ọ́, ẹ pa á rẹ́ lórí tẹmómítà fún òru mìíràn.

Ká ní òru ọyẹ́ márùn-ún, fóònù sọ 22, 23, 22, 21, 22. Tẹmómítà ka 19, 21, 19, 19, 19. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 3, 2, 3, 2, 3, àpapọ̀ 13. Ẹ pín in sí márùn-ún: 2.6. Iye tí ẹ ó máa yọ nìyẹn. Bí ìyàtọ̀ náà bá ń fò láti 0 sí 5, kò ṣeé yọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí tẹmómítà wà.

Ẹ má da òru ọyẹ́ pọ̀ mọ́ òru lásán. Ẹ wo ojú ìrì, tí áàpù ń pè ní dew point, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí ìrì fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Bó bá wà ní 23, òru ò lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, torí bí ìrì bá ti ń sẹ̀, òtútù á dẹwọ́. Bó bá jábọ́ sí 15 tàbí 12, tí sánmà mọ́ kedere, kò sóhun tó máa dá ooru ilẹ̀ dúró mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yọ 2.6 yín.

Kí áàpù mẹ́ta fohùn ṣọ̀kan kò tíì tó nǹkan. Ẹlẹ́rìí tó sùn nínú yàrá kan náà ni wọ́n lè jẹ́, nítorí ìṣirò kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé jáde. Lórí Windy, áàpù ojú ọjọ́ kan, ẹ lè wo ìṣirò ECMWF ti Yúróòpù, GFS ti Amẹ́ríkà àti ICON ti Jámánì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá fi ju dígírì 2 lọ yàtọ̀, èyí tó kéré jù ni kí ẹ mú. Ọjọ́ mẹ́ta sí iwájú tó láti gbójú lé. Ti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ fi í sílẹ̀.

Nọ́ńbà ìta yìí wà fún iye èédú tí ẹ ó tọ́jú kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú ilé òròmọdìyẹ lọ́tọ̀: ọ̀sẹ̀ kìíní, 32 sí 35 níbi tí ẹ̀yìn wọn ga dé, kí ẹ máa dín nǹkan bíi 3 kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, ó gbóná jù. Bí ẹ bá sì ta tapólì bo ẹ̀gbẹ́ ilé nítorí òtútù, ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ sílẹ̀ lókè, torí afẹ́fẹ́ olóró inú èédú kò ní òórùn, ó sì ń pa adìyẹ àti ẹni tó ń ṣọ́ wọn.