Bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù irin wo ohun tí ipá, ìyẹn títì tàbí fífà, ń ṣe sí bí nǹkan ṣe ń sáré

Ẹ wá bọ́ọ̀lù irin inú bẹ́árìn, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lẹ ti máa rí i, wọ́n máa ń kó o dànù ni. Bí kò bá sí, bọ́ọ̀lù gíláàsì táwọn ọmọdé fi ń ṣeré dáa, àmọ́ ẹ má lo ti tẹ́nìsì, irun ara ẹ̀ á da nǹkan rú. Ẹ tún wá páìpù funfun táwọn oníná ń gba wáyà kọjá, kó gùn ju mítà 2 lọ díẹ̀, kí káfíńtà là á sí méjì lóòró, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ sórí pákó kó má baà tẹ̀ láàárín. Ẹ fi ìwé gbé orí kan sókè tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti máa gbéra, sí sẹ̀ǹtímítà 50, àti sí mítà 2.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bà á jẹ́ wá nìyí o: bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Mo ti wo tíṣà kan tó ń ṣe é fáwọn ọmọ, ó lóun ò tì í rárá, ṣùgbọ́n mo ń wo àtàǹpàkò ẹ̀, bó ṣe ń tú ọwọ́ sílẹ̀ ni orí ìka yẹn ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, díẹ̀ báyìí, díẹ̀ yẹn ti tó, bọ́ọ̀lù ti ní eré lára kó tó gbéra, gbogbo àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló yàtọ̀ síra, wọ́n wá ń sọ pé fóònù tí wọ́n fi ń ka àkókò ni ò dáa.

Ẹ má fi ọwọ́ dì í mú. Rúlà lẹ máa fi dábùú iwájú ẹ̀, kí bọ́ọ̀lù fara tì í, kẹ́ ẹ wá fa rúlà náà sókè gán-ún lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fà á díẹ̀díẹ̀, ó máa ha bọ́ọ̀lù lára, ìyẹn náà ti di ipá míì tá ò pè. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ yọ èyí tó yá jù àtèyí tó pẹ́ jù, ẹ lo mẹ́ta tó kù.

Stopwatch inú fóònù tó. Ẹ máa rí i pé ó gba bíi sẹ́kọ́ńdì 1.7 kó tó dé àmì 50, àti bíi 3.4 kó tó dé mítà 2. Àkókò di ìlọ́po méjì, ibi tó rìn dé di ìlọ́po mẹ́rin, torí ilẹ̀ ò dẹ́kun fífà á, eré ẹ̀ ń pọ̀ sí i títí. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì tó ṣe irú àyẹ̀wò yìí, tó sì tẹ ìwé tó sọ ọ́ sí jáde ní 1638, omi tó ń ṣàn sínú ife ló ń wọ̀n lórí ìwọ̀n láti fi mọ àkókò, kò kúkú ní fóònù.

Tó bá dé ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó yí lọ lórí táìsì, lẹ́yìn náà lórí rọ́ọ̀gì. Ẹ ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ lásán lórí táìsì yẹn o, tó bá dá yí lọ, ilẹ̀ ò tẹ́jú. Lórí rọ́ọ̀gì ló máa tètè dúró. Àwọn èèyàn á ní okun ẹ̀ ló tán, rárá o, rọ́ọ̀gì ló ń ti ìdàkejì dí i lọ́wọ́, torí bí nǹkan kan ò bá dí i lọ́wọ́ ó máa kàn lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló kù: bó ṣe ń yí lọ lórí táìsì, ẹ fi rúlà gbá a láti ẹ̀gbẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́. Kò ní lọ síbi tẹ́ ẹ gbá a sí, ó máa lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí eré tó ti ní tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù tó ń sáré kọjá níwájú ẹ̀ sílé rí mọ̀ ọ́n, tó bá gbá a tààrà sáàárín òpó méjèèjì, á yà kọjá síta. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ kí ojú ọ̀nà tó gbà lè hàn, kẹ́ ẹ tún gbá a pẹ̀lú agbára díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ wo bí ọ̀nà kejì ṣe máa yà ju ti àkọ́kọ́ lọ.