Lẹ́ǹsì mi bu, owó sì lọ

Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti fi tún lẹ́ǹsì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi ra kámẹ́rà. Owó ìfẹ̀yìntì ni o! Inú ṣì ń bí mi.

Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinubu l'Ékòó, ló sún mi dé ìdí fọ́tò. Àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, kọ́ ilé yẹn ní 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Iwájú rẹ̀ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kí n lè ya àwọn ilé wọn tó kù ní Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn l'Ékòó. Ọmọ àbúrò mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìyẹn ò le.

Òjò dé, gbogbo fọ́tò mi di bàìbàì. Mo nu lẹ́ǹsì títí. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún ní Ìkẹjà gbowó, ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, ó ní ó ti dáa. Irọ́. Èkejì ní inú kámẹ́rà ló bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Ẹ̀kẹta ló tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì: "Mọ́mì, ẹ wá wò ó." Ohun funfun tín-ín-rín bí òwú ti na ẹsẹ̀ láti etí gíláàsì dé àárín. Ó ti bu! Ọ̀rinrin Èkó ni, àti báàgì aláwọ tí ẹni tó tà á ní kí n máa sé e mọ́ pinpin. Títú gíláàsì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan ló gbówó lórí, "ẹ padà wá lọ́la" ò sì tán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì jẹ ara gíláàsì, torí àpá yẹn kì í lọ.

Àmọ́ ẹ wá wo fọ́tò mi báyìí! Òdòdó sìmẹ́ńtì tó wà lókè fèrèsé kan ní Campos, nínú Pópó Àgùdà, ẹ lè ka ewé rẹ̀. Ìyá kan tó ń gbé ibẹ̀ ní òun ò rí i rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba inú lẹ́ǹsì kẹ́ ẹ tó sanwó. Ike onídèérí àti silica gel, hóró kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, ni kẹ́ ẹ fi pa lẹ́ǹsì mọ́, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ gel náà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ya Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti 1894 ní Martins Street, ọjọ́ Sunday ni kẹ́ ẹ lọ. Ọjà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè dúró lọ́jọ́ mìíràn.