Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ ronú sọ́kẹ́ẹ̀tì àti iná o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ilé onídẹ́kìn ni, páìpù iná òkè gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, kẹ́yin àti oníwáyà yín wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ sàmì síbi tí bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n àti wọ́dúróòbù máa wà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ṣe pàtàkì gan-an. Suwíìṣì ò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ háńdù ni kó wà (wọ́n ṣe tèmi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú òkùnkùn ni mo ti máa ń wá a).

Kíṣìnnì gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀: fíríìjì, bùlẹ́ńdà, màkìrówéfù, kálukú pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kó jìnnà sí síǹkì, torí ká so gbogbo ẹ̀ mọ́ ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan, ó lè fa ìjàǹbá iná. Wáyà 1.5mm fún gílóòbù, 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fún AC àti wọ́tà híítà ní láìnì tiwọn pẹ̀lú wáyà tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ ò tiẹ̀ tíì lówó ínfátà (ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì láti fún ilé ní iná tí NEPA bá mú iná lọ), ẹ ní kí wọ́n ya láìnì iná, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n sọ́tọ̀ báyìí, kẹ́ ẹ lè so ó mọ́ wọn tó bá yá.