Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ìkànnì ìtajà n'Íbàdàn
Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi, orí fóònù ni kí ẹ ti máa yẹ ìkànnì ìtajà yín wò, nítorí ibẹ̀ ni oníbàárà tó wà nínú takisí Micra ní Dùgbẹ̀ ti ń wò ó. Bí àwòrán aṣọ òkè kan bá tó mẹ́gábáìtì 4, dátà oníbàárà yín ni ẹ ń jẹ. Ẹ dín in kù sí nǹkan bíi kílóbáìtì 150. Ẹ kọ iye owó sókè pátápátá, kí nọ́ńbà yín sì jẹ́ èyí tí a lè tẹ̀ kí ó pè lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú àwòrán, tí ènìyàn yóò máa wá bírò láti dà kọ. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju àwọ̀ mèremère lọ.