Irinṣẹ́ ní “Done,” géèmù ní rárá: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú pípààrọ̀ fáìlì inú àpò géèmù

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo láptọ́ọ̀pù yìí. Géèmù GTA San Andreas mi ò ṣí mọ́.”

“Kí lo ṣe sí i?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan o.”

Mo ṣí fódà tó ń jẹ́ models, mo sì nawọ́ sí gta3.img fún un. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀: òru àná, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ Marwa ni mo kàn fi sí i.”

Mo ti gbọ́ “mo kàn” yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, nílùú Ifẹ̀ níbí, débi pé kì í bí mi nínú mọ́. Ọmọ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn mìíràn ò tíì jáde sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n fẹ́ rí danfo ní títì Los Santos, ìlú inú San Andreas, wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi PES gbá wọ jẹ́sì Shooting Stars. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, èmi náà ń ṣe é. Ohun tó ń dùn mí ni pé àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń tún ṣe, irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò kì í sì í kìlọ̀ fún wọn. Bí ẹ bá ti pa géèmù yẹn pátápátá, á ṣì kọ “Done” síwájú yín.

Ìdí rẹ̀ ò le. Àwọn tó ń ṣe géèmù kì í fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì sílẹ̀ káàkiri, inú àpò ńlá ni wọ́n ń kó wọn sí. Ti San Andreas orí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ gta3.img, ó sì sún mọ́ gígábáìtì kan. Ti PES 6 ń parí sí .afs. Ti Doom, tó ti wà láti 1993, ń parí sí .wad. Irinṣẹ́ bíi IMG Tool, Alci's IMG Editor tàbí AFS Explorer á tú àpò náà, á yọ ohun tí ẹ bá fẹ́, á sì fi òmíràn rọ́pò. Àpò nìkan ló mọ̀ o, kò mọ géèmù. Bí ẹ bá mú fọ́tò ìgbéyàwó yín, tí ẹ sọ ọ́ ní taxi.dff (orúkọ fáìlì tó mú ìrísí takisí inú géèmù), á gbà á wọlé, á ní iṣẹ́ ti parí. Ìgbà tí takisí bá fẹ́ yọ ní kọ̀rọ̀ títì ni gbogbo rẹ̀ máa dákú.

Ẹni tó bá ti gbé Awo Hall, ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, rí, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Pọ́tà ní ìwé kan tó kọ orúkọ àti nọ́ńbà yàrá sí. Bí àlejò bá dé, ìwé yẹn ni wọ́n máa wò fún un, kò ní máa kan ilẹ̀kùn kiri. Bí IMG ti San Andreas ṣe rí gan-an nìyẹn. Lẹ́tà mẹ́rin tó ṣáájú nínú rẹ̀ ni VER2, iye fáìlì tó wà níbẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìwé pọ́tà: báìtì 32 fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ló ni 24 nínú rẹ̀, mẹ́jọ tó kù ń sọ ibi tí fáìlì náà ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Báìtì 2,048 ni yàrá kọ̀ọ̀kan. Fáìlì tó bá jẹ́ báìtì 2,049 á gba yàrá méjì, báìtì kan ṣoṣo ni yóò sì máa dá gbé inú ìkejì.

Ẹ má fi ògidì ṣeré

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa bí ẹ ò bá tilẹ̀ ka ìyókù. Ẹ má ṣí àpò géèmù títí ẹ ó fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn.

Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Rebuild. Ohun tó ń ṣe ni pé á kọ gbogbo àpò náà látìbẹ̀rẹ̀, fáìlì kan tẹ̀ lé òmíràn, á sì tún ìwé pọ́tà kọ. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, ó lè pẹ́. Nígbà mìíràn Windows á kọ “Not Responding” sórí fèrèsé náà, ojú rẹ̀ á funfun. Ohun tí ọmọ kẹ̀kẹ́ Marwa ṣe láàárín òru nìyẹn: ó rò pé ó ti kú, ó bá lọ fi Task Manager pa á. Kò tíì kú. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Irinṣẹ́ mìíràn á kọ àpò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó pa ti àtijọ́ rẹ́, òmíràn ò mọ irú ìyẹn, orí ògidì ló ń kọ ọ́ sí. Ti ọmọ yìí jẹ́ ti ìkejì. Nígbà tí mo wo gta3.img rẹ̀, kò tó ìdajì bó ṣe yẹ kó tóbi tó.

Mi ò lè bá a wí jù. Tèmi tó kọ́kọ́ bàjẹ́, iná ló lọ lórí rẹ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, wáyà ògiri ló ń gbé e ró, mo sì tẹ Rebuild láìtan jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ni díìsìkì géèmù náà ti rìnrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo àwòrán gta3.img lásán.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì yẹn: kí bátìrì kún, kí àyè tó fẹ̀ ju àpò náà lọ wà lórí díìsìkì, kí ẹ̀dà sì wà níbòmíràn. Ẹ wo báìtì ẹ̀dà náà pẹ̀lú ti ògidì, kó dọ́gba. Bí géèmù tuntun ni, tí àpò rẹ̀ ju gígábáìtì mẹ́rin lọ, fúláàṣì tó wà ní FAT32, ìlànà ìtọ́jú fáìlì àtijọ́, ò ní gbà á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àyè 30 gígábáìtì ló ṣófo lórí rẹ̀. Ẹ sọ fúláàṣì náà di exFAT. Bí Vice City ti 2002 lẹ sì ń fọwọ́ kàn, ẹ má gbàgbé pé fáìlì ọ̀tọ̀ ni ìwé pọ́tà tirẹ̀: gta3.dir. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà gta3.img tó fi gta3.dir sílẹ̀ ti gbé yàrá lọ, ó sì gbàgbé ìwé orúkọ.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí géèmù bá ti dákú ni wọ́n máa ń ṣe ẹ̀dà. Ẹ̀dà òkú nìyẹn.

“Mo pààrọ̀ ẹ̀, kò yí padà”

Èyí wọ́pọ̀ ju dídákú lọ, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ wa taxi.dff sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí dátà já ní ìgbà àkọ́kọ́. Burausa á pe ìkejì ní taxi (1).dff. Ẹ ò kíyè sí i, ẹ kó o wọ inú IMG bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ ò rí orúkọ yẹn nínú ìwé pọ́tà, ó bá fi í kún un bí ẹni tuntun. Taxi.dff àtijọ́ ṣì wà ní yàrá rẹ̀, òun ni géèmù sì máa lọ kí. Kò sẹ́ni tó máa pe taxi (1).dff láyé. Kí ẹ tó kó fáìlì wọlé àti lẹ́yìn tí ẹ bá kó o, ẹ wo iye fáìlì tí irinṣẹ́ náà ń kà: bó bá fi ọ̀kan lé sí i nígbà tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ pààrọ̀, orúkọ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ lọ tú ìfihàn ìparí orúkọ sílẹ̀ nínú Windows pẹ̀lú, kí taxi.dff.dff má bàa fara pamọ́ fún yín. Orúkọ tó bá sì ju lẹ́tà 23 lọ, tòun ti .dff ìdí rẹ̀, ò ní rí àyè nínú báìtì 24 yẹn, nítorí ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣófo ní ìparí orúkọ.

Ìdí kejì tí kì í fi í yí padà ni Program Files, fódà tí Windows ń kó àwọn ètò sí. Láti ìgbà Windows Vista, bí irinṣẹ́ àtijọ́ kan bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ láìní àṣẹ alákòóso, Windows lè gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó lọ tọ́jú rẹ̀ sí fódà kan tó ń jẹ́ VirtualStore. Bí ẹ bá wá fi àṣẹ alákòóso ṣí géèmù, ògidì ni yóò kà, iṣẹ́ yín á sì jókòó síbi tí ẹnì kankan ò dé. Ẹ gbé géèmù sí D: tàbí fódà tiyín lórí C:, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Aṣọ tó ju ara lọ

Fáìlì tuntun tó bá tóbi ju èyí tó ń gba ipò rẹ̀ ò lè wọ yàrá kan náà. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ IMG á gbé e lọ sí ìparí àpò, wọ́n á sì fi yàrá àtijọ́ sílẹ̀ lófo. Kò burú. Bí ẹ bá ṣe é nígbà ogún ni àpò á wú, ìgbà yẹn ni Rebuild wúlò. Ti AFS ló le. PES 6 kì í fi orúkọ pe fáìlì, nọ́ńbà ló ń kà. Ẹ má yọ fáìlì kan kúrò nínú AFS láé nítorí pé ẹ ò nílò rẹ̀: bí 500 bá kúrò, 501 á di 500, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn á sún, ẹ ó sì wá rí ojú ẹnìkan lára ẹlòmíràn. Bí fáìlì bá tóbi jù fún àyè rẹ̀ níbẹ̀, ẹ tún gbogbo àpò kọ́. Ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́ wọlé kó lọ jókòó lé fáìlì kejì lórí.

Àwòrán ara mọ́tò, ìyẹn .txd, lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù. Mo rí ẹnì kan tó fi àwòrán 2048 ní 2048 sára kẹ̀kẹ́ kí àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ lè mọ́ kedere. Láìfún un pọ̀, mẹ́gábáìtì 16 ni ìyẹn. Bí ẹ bá fi DXT1, ọ̀nà ìfúnpọ̀ àwòrán kan, fún un pọ̀, á di mẹ́gábáìtì méjì. Bí ẹ bá tún sọ ọ́ di 256 ní 256, kílóbáìtì 32 péré ni, àkọlé á sì ṣeé kà bí ẹ bá sún mọ́ ọn. Ọdún 2004 ni San Andreas kọ́kọ́ jáde, lórí PlayStation 2, ìwọ̀nba àyè ló sì ya sọ́tọ̀ fún ohun tó ń gbé wọlé bí ẹ ṣe ń wakọ̀ lọ. Bí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta bá gba gbogbo àyè yẹn, títì á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá níwájú yín, ẹ ó máa wo ojú ọ̀run láti abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni.

Àti pé .dff àti .txd, tọkọtaya ni wọ́n. Ẹ gbé ọ̀kan wọlé láìgbé èkejì, kẹ̀kẹ́ á funfun báláú. Bí mod náà, ìyẹn àtúnṣe tí ẹ wà sílẹ̀, bá tún mú ìlà kan wá fún handling.cfg, fáìlì tó ń sọ bí mọ́tò ṣe máa rìn, ẹ fi sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ á máa sáré bí takisí.

Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. Yíyí ìparí orúkọ padà kò yí àpò padà: lẹ́tà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni kí ẹ wò. PK ni zip, bíi .pk3 ti Quake III, irinṣẹ́ zip tó wà lọ́wọ́ yín á ṣí i. PACK ni ti Quake àkọ́kọ́, zip ò lè ṣí ìyẹn. San Andreas tí wọ́n tún ṣe jáde ní 2021 wà lórí Unreal Engine, IMG Tool ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Txd ti kọ̀ǹpútà ò bá ti fóònù Android mu. Fáìlì tí wọ́n ní mọ́tò ni, tó wá parí sí .exe, tó sì ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, kì í ṣe mọ́tò.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn ni ṣíṣí àpò nígbà tí kò pọn dandan. San Andreas ní Mod Loader, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ASI Loader: ẹ dá fódà kan sílẹ̀ nínú fódà modloader, ẹ ju .dff àti .txd sínú rẹ̀, géèmù á ka ìyẹn dípò ti inú gta3.img. Ẹ pa fódà náà rẹ́, gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. PES 6 ní Kitserver, tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún jẹ́sì àti ojú. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí mi ò ti tẹ Rebuild.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ti ọmọ yẹn. Ó mú díìsìkì rẹ̀ wá láti Mayfair, a tún géèmù náà fi sí i lórí D:, a ṣe ẹ̀dà gta3.img sórí fúláàṣì, a sì fi kẹ̀kẹ́ sínú fódà modloader. Ibẹ̀ la ti rí i pé taxi (1).dff ni ohun tó ń kó wọlé láti òru. A yọ (1) kúrò. Kẹ̀kẹ́ yọ ní Los Santos, aláwọ̀ ìyeyè, ó dára. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó ti wà á wọ inú òkun ní Santa Maria.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó tún ti bàjẹ́!”

“Búréèkì lo ò tẹ̀.”