Ẹ má fipá mú un bì o
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́nì kan bá gbé májèlé mì tàbí tó lo oògùn jù, ẹ má kiwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì, pàápàá tó bá jẹ́ kẹrosíìnì tàbí ásíìdì, torí kẹrosíìnì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ásíìdì á sì tún jó ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ, kẹ́ ẹ mú páálí oògùn náà dání. Wọ́n ní activated charcoal níbẹ̀, ìyẹn èédú tí wọ́n dìídì ṣe fún ìtọ́jú, ó máa ń fa ọ̀pọ̀ oògùn mọ́ra nínú ikùn kó tó wọ ẹ̀jẹ̀, àmọ́ láàárín wákàtí 1 téèyàn gbé oògùn náà mì ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ sáré. Èédú ìdáná kọ́ o! Tí ò bá sì mọ nǹkan kan mọ́, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.